Ọmọ tó há a sórí, tí kò mọ̀ ọ́n dáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òbí. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 13. Ó lè ka photosynthesis, bí ewéko ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, bí orin, àmọ́ bí wọ́n bá yí ìbéèrè náà padà díẹ̀ báyìí, ó parí. Ti kẹ́mísírì tiẹ̀ tún burú jù, equation kì í dọ́gba lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà rẹ̀ ní ká máa fi dánra wò nílé. Èmi ò ṣe sáyẹ́ǹsì ní tèmi, iṣẹ́ òru sì ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Mo rò ó pé bóyá kí n máa fi Yorùbá ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ, ẹ̀bi mi sì ni. Báwo lẹ ṣe ṣe é pẹ̀lú àwọn tiyín?

Èsì: Ẹ kú àtọ́jú ọmọ, àǹtí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ èsì yìí tí mo pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó rọrùn.

Ọdún 6 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì àti báyọ́lọ́jì kí a tó kúrò nílé. Níbí, iṣẹ́ mìíràn ni mò ń ṣe, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n equation tí kì í dọ́gba yẹn, bọ́tìnnì ni oògùn rẹ̀. Ẹ wá dúdú fún carbon, pupa fún oxygen, funfun fún hydrogen. Ẹ kọ CH4 + O2 → CO2 + H2O sórí ìwé, kó fi bọ́tìnnì to ti apá òsì, kó tún to ti apá ọ̀tún. Á rí i pé funfun 4 ló wọlé, 2 ló jáde. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń kọsẹ̀: wọ́n á nawọ́ sí nọ́ńbà kékeré ìsàlẹ̀, wọ́n á sọ omi di H4O. Ẹ má bá a jà. Ẹ kàn mú bọ́tìnnì pupa kan, kí ẹ fi kún omi kó di H2O2, kí ẹ wá sọ fún un pé omi kọ́ nìyẹn mọ́, ohun tí wọ́n fi ń bó àwọ̀ irun ni. Ẹ bi í bóyá á gbà láti mu ún. Nọ́ńbà iwájú nìkan la lè fọwọ́ kàn: oxygen di 2O2, omi di 2H2O, bọ́tìnnì á pé. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni ọmọ mi obìnrin fi ṣe é, kò tún ṣì í mọ́ títí di òní.

Ti photosynthesis, ẹ má bi í pé kí ni í ṣe, ó ti mọ orin yẹn. Ẹ bi í pé igi ńlá tó wà níta yẹn, níbo ni ìwúwo rẹ̀ ti wá? Á ní inú ilẹ̀ ni. Àwọn tí mo kọ́ nílé náà, inú ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Ẹ wá sọ ti Jan Baptist van Helmont, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àtijọ́ kan, fún un, tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1648 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó gbin igi willow kan sínú ìkòkò, ó ń bomi rin ín fún ọdún 5. Igi náà fi nǹkan bíi kílò 74 wúwo sí i, erùpẹ̀ tó wà nínú ìkòkò kò dín ju nǹkan bíi gíráàmù 57 lọ. Ó wá ní omi ni gbogbo rẹ̀. Òun náà ò gbà á tán, torí carbon tó wà lára igi, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Ọmọ tó bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí van Helmont ti ṣì í, ẹ yí ìbéèrè náà padà nígbà ogún, kò ní ṣubú.

Ẹ béèrè nípa Yorùbá. Ẹ lò ó. Bó bá jẹ́ díẹ̀ ló gbọ́, ẹ fi díẹ̀ yẹn ṣe é. Ọ̀rọ̀ wa mìíràn tiẹ̀ là ju tiwọn lọ. Yìnyín a máa yọ́, iyọ̀ a máa yòrò. Ọmọ tí ìyàtọ̀ méjèèjì bá ti mọ́ lẹ́nu kò ní kọ ọ́ sínú ìdánwò pé iyọ̀ yọ́ sínú ife omi. Kí iyọ̀ tó yọ́, iná gbọ́dọ̀ gbé e dé 801 lórí ìwọ̀n Celsius. Àmọ́ níbòmíràn, tiwa náà máa ń ṣini lọ́nà: mímí la ń pe ti imú, òun náà la tún fi ń pe ti inú sẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ohun méjì ni wọ́n. Ewéko ò ní imú, síbẹ̀ tọ̀sán-tòru ni sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń fi oxygen tú agbára jáde nínú ṣúgà.

Osmosis, bí omi ṣe ń gba ara awọ sẹ́ẹ̀lì wọlé tàbí jáde, ọ̀dùnkún ni. Gígé méjì tó dọ́gba, ọ̀kan sínú omi lásán, ọ̀kan sínú omi tó kún fún iyọ̀. Ẹ wọ̀n wọ́n kí wọ́n tó wọ omi, ẹ tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Kó kọ èyí tó máa fúyẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá di ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo ọmọ ló máa ń sọ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kó pa ìwé dé, kó mú tákàdá tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, kó kọ gbogbo ohun tó rántí. Ìwé tó ṣí sílẹ̀ máa ń tan ọmọ jẹ pé òun mọ̀ ọ́n. Ti mole, òǹkà tí wọ́n fi ń ka nǹkan ní kẹ́mísírì, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn, ó gùn.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra. Láìpẹ́, wọ́n á dé orí ohun tí ọmọ ń jogún lára ìyá àti bàbá. Wọ́n á ya àpótí kan, wọ́n á pín in sí mẹ́rin. Àpótí Punnett ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni mo ti ṣubú.

Ó ti tó ọdún méjì. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọdún 14, ìdánwò báyọ́lọ́jì ku ọ̀la, àwa méjèèjì jókòó ti tábìlì. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 9, wà lórí àga gígùn, ó gbé rọ́bà omi gbígbóná lé orúnkún. Ẹsẹ̀ ti ń ro ó láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀wà Mendel, ẹni tó fi ẹ̀wà ṣèwádìí bí ọmọ ṣe ń jogún nǹkan, la fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kọ ìròyìn wọn jáde ní 1866: èyí tó ń dán jẹ́ 5,474, èyí tó hun jọ jẹ́ 1,850. Mo ní kó pín in. Ó rí 2.96, ó ní, “Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 3.” Inú mi dùn. Mo ní ó yá, ṣe òmíràn, AS àti AS, irú ẹ̀jẹ̀ tí òbí méjèèjì bá ní tí wọ́n fi lè bí SS, ọmọ tó ní àìsàn sickle cell.

Ẹnu mi ló ti jáde o. Bí mo ṣe máa ń kọ́ ọ nílé nìyẹn, kò sí ọmọ kíláàsì mi tí kò mọ AS àti AS, òun gan-an ló máa ń jẹ́ kó yé wọn. Ẹnu tíṣà ló sọ ọ́, ìyá ò tíì dé ibẹ̀.

Ó ya àpótí. A àti S lórí, A àti S lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kọ AA, ó kọ AS, ó kọ AS. Ó dé igun ìsàlẹ̀, ó kọ SS, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò aláwọ̀ ewé kun inú rẹ̀, bó ṣe máa ń kun nǹkan. Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró. Ó gbójú sókè, ó fi èdè òyìnbó bi mí pé, “Mummy, ṣé àwa nìyí?”

Kí n tó lanu, àbúrò rẹ̀ ti dìde, ó ń tiro bọ̀. Ó wo ìwé náà, ó fi ìka lé igun yẹn, ó ní, “Èmi nìyí.” Ó ka àpótí náà, ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ó ní, “Àwọn méjì tó kù dà?”

Ìbéèrè gidi ni, àwọn àgbà gan-an ń ṣì í. Àpótí mẹ́rin kì í ṣe ọmọ mẹ́rin. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti òdo: ìkan nínú mẹ́rin fún àkọ́bí, ìkan nínú mẹ́rin náà fún èyí tó tẹ̀ lé e, èyí tó ti lọ kò gba nǹkan kan kúrò lọ́wọ́ èyí tó ń bọ̀. Ó lè bọ́ sí gbogbo ọmọ lórí, ó lè má kan ẹnì kankan. Owó ẹyọ méjì ló gbà: A lójú kan, S lójú kejì, ọ̀kan ti bàbá, ọ̀kan ti ìyá, ká máa jù wọ́n. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Iṣẹ́ mi ni!

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá béèrè èyí tó kù: “Ṣé ẹ mọ̀ kí ẹ tó bí wa?”

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa á dé. Mo ní, “Iṣẹ́ ilé ìwé ni mo ní kí o ṣe, mi ò ní kí o wá máa tú mi nídìí wò.” Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó yé wọn. Nínú ilé wa, bí Mummy bá ti bọ́ sí Yorùbá, inú ló ń bí i nìyẹn, kálukú á wá ibi gbà. Ìwọ̀nba tí mo fún wọn nínú èdè yìí nìyẹn. Ìyá mi bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà kan, ó ń gbàdúrà, ó dárúkọ àìsàn náà bí a ṣe ń dárúkọ rẹ̀ nílé. Ọmọ mi obìnrin bi mí pé kí ni fòníkú-fọ̀ladìde. Mo ní orúkọ oògùn ni.

Bẹ́ẹ̀, ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀ ò le. Rárá ni. Bàbá wọn mọ̀ pé AS lòun. Èmi ní ìwé pélébé kan láti ibi àyẹ̀wò kan tí mo lọ nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, AA ló wà lórí rẹ̀. AA àti AS kò lè bí SS, mo ti kọ ọ́ sójú pátákó títí apá fi ń ro mí. Àkọ́bí jẹ́ AS, kò yà wá lẹ́nu. A bí ìkejì síbí, wọ́n gún un ní gìgísẹ̀ nígbà tó wà ní ìkókó, ìwé èsì dé. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ mi. Wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi wò: AS. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò tún un ṣe kí a tó ṣègbéyàwó. Ta ló ń tún un ṣe nígbà náà? Ìwé ti wà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èmi kan náà ni mò ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbi méjì.

Ohun tó sì fa gbogbo rẹ̀ kéré. Okùn beta inú hemoglobin, ohun tó ń gbé oxygen kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ní amino acid 146, àwọn ẹyọ tí wọ́n so pọ̀ di okùn náà, ẹyọ kan ló yàtọ̀: ní ipò kẹfà, valine jókòó síbi tí glutamic acid yẹ kó wà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Vernon Ingram, ló fi hàn ní 1957. Valine kì í fẹ́ bá omi da nǹkan pọ̀, nítorí náà bí oxygen bá ti kúrò, hemoglobin á máa lẹ̀ mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó lo nǹkan bí ọjọ́ 120 á lo bí 10 sí 20. Kẹ́mísírì àti báyọ́lọ́jì pàdé lójú kan báyìí, kò sí ẹ̀kọ́ tó dùn ún kọ́ ọmọ tó o. Mo kọ́ ọmọ ẹlòmíràn dáadáa.

Ó lọ ṣe ìdánwò náà lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ìwé padà dé, gbogbo rẹ̀ ló ṣe, àfi ìbéèrè onímáàkì 4 kan tó kàn fò. Àpótí kan wà níbẹ̀, ó ṣófo. Tíṣà fi bírò pupa béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo buwọ́ lù ú, mo dá a padà. Lọ́dún yìí ó yọ báyọ́lọ́jì kúrò nínú iṣẹ́ tó mú, ó ní kẹ́mísírì àti físíìsì tó òun. Bàbá rẹ̀ ní kò kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Èyí àbúrò ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ó ti pé 11 báyìí. Ọmọ tó ń béèrè ìdí tí òṣùpá fi ń tẹ̀ lé mọ́tò, kò béèrè àwọn méjì tó kù mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá ó ti fún ara rẹ̀ lésì, pé igun yẹn gbọ́dọ̀ kan ẹnì kan nínú wọn, òun sì gbà á kó má baà kan ẹ̀gbọ́n òun.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé orí ẹ̀kọ́ yẹn, ẹ fi ẹ̀wà Mendel mọ, ẹ má mú ti inú ilé yín wọ̀ ọ́. Àbí kí ẹ mú un wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí ìdáhùn ti wà lẹ́nu yín kí bírò tó kan ìwé. Mo ti kọ gbólóhùn méjèèjì yìí, mo ti pa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rẹ́, ẹ mú èyí tó bá bá yín lára mu.

Lánàá, lẹ́yìn tí mo ka ìbéèrè yín, mo wá owó ẹyọ méjì, mo fi bírò kọ A àti S sí wọn lára. Wọ́n wà lórí tábìlì báyìí. Aago mẹ́ta àbọ̀ ni èyí àbúrò máa ń dé láti ilé ìwé.