Kí ẹ tó gbé ewé ìbẹ́pẹ lọ sí láàbù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé kí ẹ gbé ewé ìbẹ́pẹ yín lọ sí láàbù, kí wọ́n bá yín ya akọ sọ́tọ̀ kí ẹ tó kó igi wọn lọ sóko. Mo ti ṣe é rí. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ó kọ́kọ́ nà mí lẹ́gba ná.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín, inú èso tí mo rà lọ́jà ni mo ti yọ kóró. Nígbà tó di oṣù kẹfà, òdòdó rọ̀ dirodiro lára nǹkan bí ìdajì oko. Akọ ni gbogbo wọn, ajílẹ̀ mi sì ti wọlẹ̀. (Ẹ má dá àwọn tó ń fi àwọ̀ kóró mọ akọ lóhùn o. Èmi náà ti gbọ́ tiwọn rí.)

Lọ́dún kejì, mo gé ewé kọ̀ọ̀kan lára igi kékeré 60 lọ sí láàbù kan. Wọ́n ní 23 jẹ́ abo. Mo gbin gbogbo wọn, mo fi akọ mẹ́ta tì wọ́n kí àwọn abo lè rí akọ gbà. Ìgbà tí òdòdó yọ, mẹ́sàn-án nínú "abo" mi ló tún rọ̀ dirodiro.

Mo padà lọ, mo ní kí wọ́n fi fọ́tò jẹ́ẹ̀lì hàn mí, ibi tí èsì àyẹ̀wò ti ń hàn bí ìlà. Ibẹ̀ lojú mi ti là. Kúrómósómù X àti Y ló ń pinnu akọ àti abo: ìbẹ́pẹ abo ní X méjì, akọ ní X àti Y, takọtabo (tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ akọ àti abo pọ̀) ní X àti oríṣi Y mìíràn. Ara Y yẹn ni PCR ń wá, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ṣe ẹ̀dà DNA, ohun tó gbé àbùdá igi, lọ́pọ̀lọpọ̀ kí ó lè hàn. Àwọn ará Yunifásítì Hawaii gbé àmì tí wọ́n ń pè ní W11 àti T12 jáde fún un ní 2002. Bí Y bá wà, ìlà á hàn. Bí ó bá jẹ́ abo, ìlà ò ní sí. Ṣùgbọ́n bí DNA inú ewé bá ti bàjẹ́, ìlà ò ní sí náà! Ìdí nìyẹn tí àmì kẹta, T1, fi wà, èyí tó máa ń hàn lára ìbẹ́pẹ gbogbo. Ewé tí T1 ò bá hàn fún, ẹ má ka èsì rẹ̀ sí. Wọn ò ṣe T1 fún mi rárá.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Ewé tó ti gbó ni mo já, mo dì í sínú náílọ̀n, mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì nínú oòrùn. Ó ti làágùn, etí rẹ̀ ti dúdú kí n tó débẹ̀. Ní báyìí, ewé òkè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni mò ń já, bí èékánná àtàǹpàkò péré. Mo ń pọ́n ọn sínú bébà, mo ń kó o sínú ìgò pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó ń wà nínú páálí bàtà tuntun, kí ó lè gbẹ kíá. Pẹ́ńsùlù ni mo fi ń kọ nọ́ńbà, torí báírò máa ń parẹ́.

Bí kóró yín bá ti inú èso takọtabo tó gbakọ lára ara rẹ̀ wá, ẹ fowó láàbù yín sápò. Èyí tó bá gba Y méjì kì í yè, nítorí náà nínú mẹ́ta, méjì á jẹ́ takọtabo, ọ̀kan á jẹ́ abo, kò ní sí akọ. Ẹ gbin mẹ́ta sínú ihò kan, nígbà tó bá yọ òdòdó, kí ẹ fi takọtabo kan sílẹ̀, kí ẹ gé ìyókù. Nínú ihò 27, bóyá ẹyọ kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ti jẹ́ abo. Àmọ́ bí kóró yín bá jẹ́ àdàlù, W11 ò mọ ìyàtọ̀ láàárín akọ àti takọtabo, kí ẹ bi wọ́n léèrè bóyá àmì tiwọn mọ̀ ọ́n kí ẹ tó sanwó.

Inú èso wo gan-an lẹ ti yọ kóró yín?