Èsì: Ìdí tí ọbẹ̀ wàràkàṣì fi ń dà bí iyanrìn lẹ́nu

Ẹ ní ọbẹ̀ wàràkàṣì yín ń dà bí iyanrìn lẹ́nu, makaróní sì ń gbẹ nínú ófùnù. Iná ló pọ̀ jù. Ẹ yọ́ bọ́tà 60g, ẹ ro fúláwà 60g mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ wá máa da mílíìkì olómi lítà 1 sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ki. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó da wàràkàṣì Cheddar 350g sí i. Tí ọbẹ̀ náà bá ń hó lọ́wọ́, ọ̀rá wàràkàṣì á ya sọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ rin ín: wọ́n máa ń fi ìyẹ̀fun pa èyí tí wọ́n ti rin tà lára, kì í sì yọ́ dáadáa. Tí ẹ bá ń se makaróní 400g, ẹ fi ìṣẹ́jú 2 dín àkókò tí wọ́n kọ sára páálí kù. Ọbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣàn ju bí ẹ ṣe fẹ́ jẹ ẹ́ lọ, torí makaróní ṣì máa fà á mu. Ẹ pò wọ́n pọ̀, kí ẹ gbé e sínú ófùnù ní 180°C fún ìṣẹ́jú 25.