Ẹ Bi Wá, À Á Dáhùn: Ṣé Ayé Le fún Ọ̀dọ́ Òní Ju Tàtijọ́ Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. ₦70,000 ni mò ń gbà lóṣù níbi iṣẹ́ mi n'Íbàdàn. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, síbẹ̀ ilé bàbá mi ni mo ṣì ń gbé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rán mi létí pé ₦125 làwọn ń gbà nígbà táwọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1981, ìyẹn náà làwọn fi gbalé táwọn fi gbéyàwó. Wọ́n ní ìnákúnàá ló ń dà mí láàmú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Ọmọ Bàbá, Mọ́níyà)

ÌDÁHÙN: Bàbá kò parọ́. ₦125 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ lọ́dún 1981, láyé Shagari. Ibi tí ìṣirò wọn ti wọ́ ni pé náírà ni wọ́n fi wé náírà. Dọ́là kan kò tó náírà kan nígbà yẹn, nǹkan bíi kọ́bọ̀ 61 ni, tó fi jẹ́ pé ₦125 wọn tó $200. ₦70,000 tìrẹ, tí wọ́n sọ dòfin lóṣù keje ọdún 2024, kò pé $50 nígbà tọ́dún náà fi parí. A mọ̀ pé a kì í ná dọ́là ní Bódìjà. Ṣùgbọ́n oògùn, búrẹ́dì, páàtì ọkọ̀ àti bẹntiróòlù tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́, dọ́là ló ń sọ iye tí wọ́n ń tà á fún ọ.

Iye tí owó oṣù tó kéré jù yìí tó ní dọ́là kò kúkú wálẹ̀ gbọọrọ láti 1981 títí dòní o. Lẹ́yìn tí ìjọba Babangida jọ̀wọ́ náírà kí ọjà máa sọ iye rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún 1986, àwọn tó jáde níléèwé rí màbo. ₦5,500 ti ọdún 2000 kò ju nǹkan bíi $55 lọ. ₦18,000 ti ọdún 2011 lé díẹ̀ ní $110, àwọn ìyẹn sì mí díẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní "láyé àtijọ́", kọ́kọ́ bi í pé ọdún wo ni. Ẹni tó gbowó oṣù àkọ́kọ́ ní 1981 àtẹni tó gbà á ní 2000, ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ.

Ilé ni tìrẹ ti le ju ti bàbá lọ láìsí àríyànjiyàn. Nígbà tiwọn, yàrá kan tàbí pálọ̀ àti yàrá nínú ilé onílé wọ́pọ̀ ní gbígbà, oṣooṣù sì ni ọ̀pọ̀ ń san án. Ìwọ, owó ọdún kan ni wọ́n máa ní kó o kó sílẹ̀ kó o tó gba kọ́kọ́rọ́. Ká ní yàrá náà jẹ́ ₦300,000 lọ́dún. Ẹ̀jẹ́ǹtì á gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, àgírímẹ́ǹtì á gba ìdá mẹ́wàá, owó kọ́ṣọ̀n, ìyẹn èyí tí wọ́n ń mú dání nítorí ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé, á tún gbà tó bẹ́ẹ̀. Ó ti di ₦390,000. Ìyẹn ju owó oṣù rẹ márùn-ún àbọ̀ lọ, láìjẹun.

Bí a ṣe lè kó o jọ nìyí. Ẹ wá èésú ẹlẹ́ni 13, kí kálukú máa dá ₦30,000 lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó ₦390,000. Má ṣe gbìyànjú láti kọ́kọ́ kó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń dákú: bó o bá kó o lóṣù kìíní, tó o fi gbalé, o ṣì máa dá ₦30,000 fún oṣù 12, o sì gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ₦25,000 lóṣooṣù fún owó ilé ọdún kejì. ₦55,000 ti lọ nínú ₦70,000. Ìdí tí ẹni tó kọ́kọ́ kó fi ń sá lọ náà nìyẹn, kì í ṣe gbogbo wọn lolè. Jẹ́ kó kàn ọ́ lápá ìparí, nígbà tí gbèsè èésú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́rùn rẹ. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ dáadáa ni kó kó kẹ́yìn, kí kálukú sì mú onídùúró kan wá.

Tó o bá ti wọlé tán, ₦45,000 ló máa ṣẹ́ kù fún oúnjẹ, ọkọ̀ àti iná lẹ́yìn ₦25,000 owó ilé. Kò lè tó. Ìdí nìyí tá a fi ní kó o wá ẹnì kejì, kẹ́ ẹ jọ pín yàrá náà. ₦195,000 ni kálukú yín á mú wá, ₦12,500 lẹ ó sì máa tọ́jú lóṣù. Ṣùgbọ́n kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà lórí rìsíìtì àti àgírímẹ́ǹtì o. Ẹni tórúkọ ẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ọjọ́ tí ìjà bá dé ni yóò kẹ́rù. Bó bá jẹ́ Èkó lò ń lọ, òfin ilé gbígbà ti ọdún 2011 kò gba onílé láyè láti béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bí kò bá ti jẹ́ Ìkòyí, Victoria Island, Apápá tàbí GRA Ìkẹjà tí òfin náà yọ sílẹ̀.

Kí ilé tó délẹ̀, ilé bàbá tó o wà yẹn, má kà á sí ìtìjú. Òun ló jẹ́ kó o rí ₦30,000 yọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ má máa kẹ́ àwọn ọ̀dọ́ yìí mọ́. Ẹsẹ̀ la fi ń rin máìlì mẹ́rin lọ síléèwé. (Bàbá Àgbà, Ìsẹ́yìn)

ÌDÁHÙN: A kò jiyàn, bàbá. Ìyà tẹ́ ẹ jẹ tún ju ẹsẹ̀ rírìn lọ. Nínú ọmọ mẹ́ta tí wọ́n bá bí ní Nàìjíríà láwọn ọdún 1960, nǹkan bí ẹyọ kan ni kì í pé ọdún márùn-ún. Lónìí, nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá ni. Ìgbóná (smallpox), tá ò jẹ́ dárúkọ ẹ̀ ní gbangba, pa géndé lọ bẹẹrẹ kó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1970. Owó orí tó wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn ló bí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969. Ní ti ká dàgbà láàyè, ayé tiyín le jù. Ní ti ká dá dúró lẹ́yìn tá a dàgbà tán, ti àwọn ọ̀dọ́ òní ló le.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ìwé láyé Awólọ́wọ̀. Ọmọ mi ti wọ yunifásítì ìjọba, wọ́n ní kó gba owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rù gbèsè ń bà mí. (Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló di ọ̀fẹ́ ní January 1955, mà. Yunifásítì kò ju bíi méjì lọ ní gbogbo Nàìjíríà lọ́dún 1960, Ìbàdàn àti Nsukka. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ ìgbà yẹn kò tiẹ̀ débẹ̀.

Owó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, tí òfin ẹ̀ jáde ní April 2024, kò ní èlé. Owó iléèwé kì í gba ọwọ́ ọmọ kọjá, iléèwé ni wọ́n ń san án fún. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, bó bá sì ti ríṣẹ́, kí wọ́n tó máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Bó bá ń gba ₦100,000, ₦10,000 ni. Kì í ṣe gbèsè tó ń dẹ́rù bani tó gbèsè alájẹṣẹ́kù tàbí ti orí fóònù.

₦20,000 oṣooṣù fún oúnjẹ tí NELFUND tún ń yá ọmọ ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé ẹ̀bùn ni, gbèsè ni òun náà. Bẹ́ ẹ bá lè bọ́ ọ, kó béèrè owó iléèwé nìkan.

Orúkọ ló sábà máa ń dá a dúró: èyí tó wà lórí NIN, BVN, JAMB àti ti iléèwé gbọ́dọ̀ bára mu. Bí NIN bá ń jẹ́ Oluwaseun tí JAMB ń jẹ́ Seun, kó lọ tún un ṣe kó tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù. Bó bá wọ ojú òpó NELFUND lórí ẹ̀rọ ayélujára tí wọ́n sọ pé àwọn kò rí orúkọ ẹ̀, iléèwé ni kò tíì fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́. Kó lọ bá ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ ẹ bá sì ti sanwó iléèwé kí NELFUND tó san tiwọn, ẹ tọ́jú rìsíìtì yín dáadáa, kẹ́ ẹ kọ̀wé béèrè owó yín padà lọ́dọ̀ iléèwé kí sáà náà tó parí.