Ẹ má tíì ra ṣọ́ọ̀kì: bréèkì tó ń mú ọkọ̀ gbọ̀n

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì fún mẹkáníìkì yẹn lówó o. Ẹ ní Corolla 2005 yín kì í gbọ̀n tẹ́ ẹ bá ń sáré lásán, àfi tẹ́ ẹ bá tẹ bréèkì lójú ọ̀nà Ṣàgámù. Ẹ ní páàdì tuntun lẹ fi sí i lóṣù tó kọjá, pé wọ́n wá ní ṣọ́ọ̀kì iwájú ló ti kú, ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ rà á. Èmi ra tèmi. Méjèèjì. Ọjọ́ tí wọ́n fi sí i tán, mi ò tíì dé Kóbapẹ́ tí mo fi tẹ bréèkì, sítíárìn tún ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ibà dì mú.

Ọdún 2021 ni tèmi bẹ̀rẹ̀. Màámi wà lẹ́yìn ọkọ̀, Ìjẹ̀bú la ti ń bọ̀, a ti kọjá Síun, ni tírélà kan bá ṣàdédé dúró níwájú wa. Mo tẹ bréèkì. Ọkọ̀ mì láti iwájú dé ẹ̀yìn, ike gàrí tí màámi gbé sáàárín ẹsẹ̀ dà sílẹ̀ yaa. A ò kọlu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni màámi ti ní òun ò wọ mọ́tò tó ń jó bàtá mọ́.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́, ní apá Pańṣẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta, ló ní ṣọ́ọ̀kì ni. Ẹnì kejì kì í gbà kí wọ́n pe òun ní mẹkáníìkì, ẹnjiníà ni. Ó gbé kọ̀ǹpútà jáde, ó so ó mọ́ ọkọ̀, ó ní sẹ́ńsọ̀ ABS ni, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há tẹ́ ẹ bá tẹ bréèkì pa, ó gbowó, ó pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ ń gbọ̀n síbẹ̀. Nǹkan tó ń lo iná nìkan ni kọ̀ǹpútà yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Díìsìkì, ìyẹn àwo irin tí páàdì máa ń fún mọ́ra tẹ́ ẹ bá tẹ bréèkì, ò ní wáyà tó máa fi ròyìn pé ara òun ò dọ́gba. Tí ABS bá ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ẹ máa mọ̀ ọ́n: ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bréèkì tagbáratagbára lórí iyanrìn tàbí ojú títì tó tutù ni ẹsẹ̀ yín máa ń gbọ́ gìrì-gìrì pẹ̀lú ariwo. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ jẹ́jẹ́ dín eré kù.

Ẹnì kẹta ló mẹ́nu ba díìsìkì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀. Mo lọ Ládípọ̀ nílùú Èkó, mo fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi ra méjì. Ọkọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo ń sọ fún gbogbo ayé pé mo ti bọ́. Ọ̀sẹ̀ méje péré, ó tún bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ díẹ̀, títí ó fi burú ju ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ayédèrú ni mo rà, mo tún lọ ra òmíràn tó wọ́n jù ú lọ. Oṣù méjì, òun náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí owó nìkan, mo rò pé wọ́n ń sà sí mi ni.

Bàbá arúgbó kan ní Lafẹ́nwá ló tú àṣírí. Kò wo díìsìkì rárá. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ta ló bá ọ de nọ́ọ̀tì táyà?” Ó yọ díìsìkì kúrò, ó fi ìka gbo ojú họ́ọ̀bù, ìyẹn àwo irin tí díìsìkì jókòó lé, ó ní kí n wò ó. Ìpẹtà ni. Ó gbá jọ síbì kan bí èérún. Gbogbo díìsìkì tuntun tí mò ń rà, orí ìpẹtà yẹn ni wọ́n ń gbé e lé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á dáadáa. Tí díìsìkì ò bá jókòó pẹrẹsẹ, á máa fì sọ́tùn-ún fì sósì bó ṣe ń yí. Kò pọ̀ rárá. 0.05 mìlímítà péré ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ń gbà láàyè, bí irun orí kan ṣe mọ. Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá yí, ibi tó yọrí yẹn á máa fara gbo páàdì, bẹ́ ẹ ò tilẹ̀ tẹ bréèkì. Tẹ́ ẹ bá ti rìn tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà mélòó kan, ibẹ̀ á ti jẹ, á fẹ́lẹ́ ju ibi yòókù lọ. Ìgbà yẹn ni páàdì á máa gun òkè sọ̀ kalẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ bréèkì, ọwọ́ yín á gbọ́ ọ lára sítíárìn. Àwọn ènìyàn á ní díìsìkì ti tẹ̀. Kò tẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó jẹ níbì kan ni. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi ń tó bí oṣù méjì kó tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ó mọ òǹkà.

Nọ́ọ̀tì ńkọ́? Fọkanáísà wa máa ń ki páìpù bọ sípánà, á wá gun un lẹ́sẹ̀. Á de ọ̀kan pa kó tó kan èkejì. Ìyẹn náà máa ń fa díìsìkì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Corolla yín, nọ́ọ̀tì márùn-ún ni: ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí gbogbo wọn wọlé, kẹ́ ẹ wá máa dè wọ́n bí ẹni ń ya ìràwọ̀, kì í ṣe yípo. 103 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń de nọ́ọ̀tì, ni Toyota ní kí wọ́n dè é mọ. Sípánà tó ń ka agbára wà, ẹ ra tiyín sínú búùtù.

Kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan: tó bá jẹ́ ọwọ́ ló ń gbọ̀n, iwájú ni. Tó bá jẹ́ ìdí lẹ ti ń gbọ́ ọ lórí àga, ẹ wo ẹ̀yìn. Ẹ wá ojú títì tó dá, tó gbẹ, ẹ má ju 40 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, ẹ tẹ bọ́tìnì hándíbréèkì mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ rọra fà á. Tó bá gbọ̀n, dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ni. Kẹ́ ẹ wá gbé iwájú sókè, ẹ yọ táyà, ẹ yọ kálípà, ìyẹn irin tó di páàdì mú, kò le. Ẹ ṣáà má fi òkúta gbé ọkọ̀ dúró, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí kálípà fi ọ́ọ̀sì, ìyẹn páìpù rọ́bà bréèkì, so rọ̀. Ẹ wò bóyá píìnì kálípà ń yọ́ wọlé yọ́ jáde. Tó bá ti gan, páàdì ò ní fi díìsìkì sílẹ̀, ibẹ̀ á máa gbóná ju ẹgbẹ́ kejì lọ. Ìwọ̀n tí díìsìkì ò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ kọjá wà lára rẹ̀ gan-an.

Àwọn ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò ńkọ́? Láàárín gbogbo ìyà yìí, wọ́n fún mi ní ìwé pé ọkọ̀ mi yẹ ojú títì! Wọ́n wo iná, wọ́n wo agolo ìpaná, wọ́n béèrè síkáúṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó ní kí n tẹ bréèkì. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn dá mi dúró, wọ́n ní agolo ìpaná mi ti kú, mo san owó.

Ẹ má da omi lu táyà nígbà tí díìsìkì ṣì gbóná, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já láti orí òkè. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kútọ̀ lẹ́yìn eré, ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ bréèkì pa, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níwájú kí ọkọ̀ lè máa yọ́ lọ. Páàdì gbígbóná máa ń lẹ̀ mọ́ díìsìkì lójú kan.

Áà, ṣọ́ọ̀kì lẹ béèrè. Ẹ tẹ igun bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá dìde lẹ́ẹ̀kan tó sì jókòó, ó ṣeé ṣe kó má tíì kú. Ṣọ́ọ̀kì tó kú, búùṣì tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tó ti jẹ lè mú kí gbígbọ̀n náà le sí i, ṣùgbọ́n tí kì í bá gbọ̀n láìtẹ bréèkì, ibi bréèkì ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ wá a. Tiyín lè má ju pé wọ́n de nọ́ọ̀tì ní ìdekúdè lọ́jọ́ tí wọ́n fi páàdì yẹn sí i. Ẹ tú u, ẹ tún un dè, kẹ́ ẹ tó náwó.

Tó bá wá di díìsìkì, ẹ ra méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì yín pé kí ló máa fi nu ojú họ́ọ̀bù. Tó bá ní búrọ́ọ̀ṣì onírin, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Tó bá ní “Họ́ọ̀bù wo?”, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín.