Má jẹ́ kí wọ́n fi Clomid kún Clomid kí wọ́n tó yẹ túùbù rẹ wò

Àbúrò mi, o ní oṣù keje rèé lórí Clomid, oògùn tó ń mú ẹyin obìnrin jáde, dókítà fẹ́ gbé e láti mílígírámù 50 sí 100, o sì ń bèèrè bóyá kí o gbà tàbí kí o kúkú lọ ṣe IVF, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara. Kí n tó dá ọ lóhùn: ta ló ti yẹ túùbù rẹ wò, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti lọ yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò? Ó jọ pé wọn ò tíì bi ọ́ léèrè. Wọn ò bi èmi náà léèrè.

Oṣù 16 ni mo fi gbé Clomid mì, ọjọ́ márùn-ún lóṣooṣù. Ooru á mú mi lóru bí ẹni tó sùn ti ààrò. Inú á máa bí mi sí ọkọ mi lórí ohun tí kò tó nǹkan. (Bí ojú rẹ bá ń ṣe bàìbàì, má fara dà á o, tètè sọ fún wọn.) Ní ọjọ́ 21 láti ìgbà tí nǹkan oṣù bá bẹ̀rẹ̀, wọn á gba ẹ̀jẹ̀ mi, dókítà á ní, "Ẹyin ti jáde dáadáa." Òótọ́ ni, ó ń jáde. Ibo ló wá ń gbà lọ? Ọjọ́ tí mo fẹnu ara mi bèèrè, ọ̀gá náà kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú fáìlì, ó ní kí n dín ìrònú kù. Ìrònú! Títí dòní, bí mo bá rántí, ara mi á gbóná.

Dókítà mìíràn, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló ní kí n lọ ṣe HSG, àwòrán tí wọ́n ń fi omi oògùn sínú ilé ọmọ láti mọ̀ bóyá túùbù là. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá, kí ẹyin tó jáde, ni wọ́n ń ṣe é. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Túùbù méjèèjì ti dí, omi kún inú wọn bí àpò. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àkóràn àtijọ́; chlamydia lè wà lára obìnrin láì fi àmì kankan hàn.

Omi yẹn máa ń ṣàn padà sínú ilé ọmọ, ó sì ń ba ọlẹ̀ jẹ́, àǹfààní IVF lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Nítorí náà, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ túùbù mi méjèèjì. Wọ́n gbé ìwé síwájú mi kí n fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé yẹn fi wà nínú báàgì mi. Ẹni tó ń wá ọmọ, wọ́n ní kó gbà kí wọ́n gé ọ̀nà tí ọmọ ń gbà! Mà á yọ ọ́ wò nínú ilé ìwẹ̀, mà á tún ká a padà. Oṣù 16 yẹn ló ń dùn mí jù, torí ẹni ọdún 36 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ Clomid, ẹyin obìnrin kì í sì í dúró de dókítà.

IVF fúnra rẹ̀? Abẹ́rẹ́ bí ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n kó ẹyin, wọ́n dá ọlẹ̀ padà, o dúró ọ̀sẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́ kò dúró. Èkejì ló ń fa aṣọ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Má ṣe àyẹ̀wò oyún nílé kí ọjọ́ tó pé o! Abẹ́rẹ́ hCG tí wọ́n ń gún kí wọ́n tó kó ẹyin lè mú kó sọ pé o lóyún. Mo ti pariwo ayọ̀ lórí irọ́ rí. Bí inú rẹ bá sì wú lẹ́yìn náà, tí èémí ń ṣòro, sáré lọ bá wọn.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìbéèrè rẹ. Bí 50 kò bá mú ẹyin jáde, wọ́n lè gbé e sí 100. Bó bá ń jáde, kí ni 100 fẹ́ ṣe? Ó sì yẹ kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ gbé yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bó bá jẹ́ PCOS ni, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹyin jáde déédéé, bèèrè letrozole, oògùn mìíràn tó ń mú ẹyin jáde, ó sàn ju Clomid lọ fún irú yín. IVF ṣì lè dúró títí tí èsì HSG àti ti ọkọ rẹ á fi dé. Kí ọkọ rẹ yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méjì sí méje kó tó lọ yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò. Má sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ́wọ́ wọn, gba fíìmù HSG náà sọ́wọ́.