Gọ́ọ̀mù wo, fánííṣì wo, fún pọ́súlù onígi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà. Mo máa ń lẹ àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba mọ́ pílíwúùdù, màá wá gé e sí wẹ́wẹ́ kí àwọn ọmọdé lè máa tò ó pa pọ̀. Àwòrán ń wú láàárín, pákó ń tẹ̀, bí òjò bá sì dé, àwọn ègé kì í wọ ara wọn mọ́. Ṣé gọ́ọ̀mù ni àbí fánííṣì?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o. Méjèèjì lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n mo fura pé lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán lẹ máa ń kùn ún. Fánííṣì á ṣàn wọ ojú ibi tí ayùn gbà, àyè ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, àyè ti tán. Òjò wá dé, igi fa omi sára, ó wú, ó há. Ẹ kọ́kọ́ kùn ún, kó gbẹ, kí ẹ tó gbé ayùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sáńpépà múlọ́múlọ́ gba etí rẹ̀ díẹ̀. Èyí tó bá ṣì ń há, ẹ fi àbẹ́là lásán pa á létí.

Ní ti gọ́ọ̀mù, funfun tí àwa káfíńtà ń lò náà ló dáa. Omi inú rẹ̀ ló ń mú bébà wú, nítorí náà ẹ má dà á bí ọbẹ̀. Igi ni kí ẹ fi pa, kó fẹ́lẹ́, kó kárí. Ẹ wá tẹ àwòrán lé e láti àárín lọ sí etí. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó, ẹ gbé pákó lé e, kí ẹ gbé búlọ́ọ̀kù méjì lé pákó. Ó di wákàtí 24 kí ẹ tó gé e. Kí pákó má baà tẹ̀, ẹ lẹ bébà lásán mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà: bí iwájú ṣe ń fà ni ẹ̀yìn náà á máa fà.

Gọ́ọ̀mù àwọn tó ń ṣe bàtà ńkọ́? Ó ń lẹ̀ ṣinṣin lóòótọ́, àmọ́ tí àwòrán bá ti wọ́, ẹ ò lè tún un ṣe mọ́, á sì tún máa dí eyín ayùn.

Ní ti fánííṣì, fún ohun tí ọmọdé lè kì bọ ẹnu, ṣẹ́láàkì tí a fi sípíríìtì pò ni mo fẹ́ràn. Ara kòkòrò ló ti ń wá, wọ́n tiẹ̀ ń fi dán ojú súìtì. Kì í pẹ́ gbẹ, kì í sì í nípọn. Ẹ jìnnà sí iná o. Òróró ẹ̀pà ni ọmọṣẹ́ mi kan fi pa tiẹ̀ nígbà kan, ó ní òróró ni òróró ń jẹ́; ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, eruku ló kún ojú ẹṣin.

Ẹ kọ́kọ́ dán ṣẹ́láàkì wò lára àwòrán tó bàjẹ́, torí sípíríìtì lè fa íǹkì rẹ̀ jáde.