Ṣé iná gáàsì ṣì wà lójú títì London?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó wà ní London ní iná ojú títì tó ń lo gáàsì ṣì wà níbẹ̀. Ṣóòótọ́ ni? Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni o! Ó ṣì ku ohun tó lé ní 1,000, Westminster tó wà láàárín London ló pọ̀ sí jù. Ará Jámánì kan, Frederick Winsor, ló kọ́kọ́ tan án ní títì Pall Mall lọ́dún 1807, nígbà tó fi máa di 1812 wọ́n ti fún ilé iṣẹ́ gáàsì Gas Light and Coke Company níwèé àṣẹ, ìparí 1813 ló dé orí Westminster Bridge.

Gáàsì ìgbà yẹn kì í ṣèyí tá a fi ń dáná lónìí o, èédú ilẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú irin tí wọ́n dé pa kí atẹ́gùn má baà wọlé, wọ́n á wá koná mọ́ ọn títí gáàsì á fi jáde, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ mọ́ kó tó gba páìpù abẹ́ ilẹ̀ lọ sójú títì.

Aago ló ń tan ọ̀pọ̀ nínú wọn báyìí, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń gbé àkàbà kiri láti tún wọn ṣe. Lọ́dún 2021 ni council Westminster fẹ́ fi iná mànàmáná LED rọ́pò púpọ̀ nínú wọn, aráàlú fárí gá, inú mi sì dùn sí i gan-an.